Ohun Tó Wà Nínú Àtàǹpàkò

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí lára ògiri balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló sì dá ìjà sílẹ̀ kí omi tíì ẹnikẹ́ni tó hó.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé omi lọ wẹ̀, ó gbé e padà láìwẹ̀, ó wá dúró sáàárín àgbàlá, aṣọ ìnura léjìká, ó ń bi afẹ́fẹ́ léèrè bóyá ilé ènìyàn lòun ń gbé tàbí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Àwọn ayálégbé ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ọ̀hún kò tóbi. Yàrá kọjú sí yàrá, ẹ̀rọ omi kan wà láàárín, balùwẹ̀ kan sì wà lẹ́yìn tí tọkùnrin tobìnrin jọ ń lò. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí o bá sín lóru, aládùúgbò á ti mọ apá tí o fi sùn.

Àwọn obìnrin kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì mi orí.

"Ẹ má wo obìnrin kankan," ó ní. "Ara ògiri ló wà, ó sì ga tó orúnkún mi. Ṣé obìnrin ń dúró tọ̀ sára ògiri ni?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Onílé jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu, ó tutọ́ ọṣẹ ẹnu rẹ̀ dànù kó lè ráyè sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń pa irọ́ fún lọ. Ó ní àtọ̀sí nìyẹn, àrùn àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í gbélé, kí ẹni tó kó o wálé yáa lọ gba abẹ́rẹ́. Títí tíyẹn á fi gbà á, kó má ṣe wọ balùwẹ̀ òun mọ́.

"Ẹ gbọ́ ni?" Ìyá Oníbúrẹ́dì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Àwa tí ọkọ wa kì í sùn síta, ọkàn tiwa balẹ̀."

Bó ti ń sọ ọ́, ẹnu ọ̀nà Aránṣọ ló ń wò.

Aránṣọ ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí ilẹ̀ ti là, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ iléèwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọkọ rẹ̀ máa ń kun mọ́tò. Pẹ́ńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí iṣẹ́ bá sì pọ̀, ó máa ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹnu ọ̀nà mi lẹ ń wò."

"Ojú mi ni mo fi ń wò ó. Mi ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ọkọ mi kì í ṣe oníṣekúṣe. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àtàǹpàkò ló ń ṣe é. Ṣé àtàǹpàkò ti wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bọ́ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ká aṣọ ìnura rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé lọ, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìyẹn ya àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu díẹ̀, nítorí obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nínú yàrá, Pẹ́ńtà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń fi ọwọ́ òsì ti búrẹ́dì bọ inú tíì, èyí tó pọ̀ jù ń já sínú ife. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Ó ga, kò sanra, ọ̀dà oríṣiríṣi wà ní ìdí èékánná rẹ̀ tí ọṣẹ kan kò lè bọ́. Àtàǹpàkò tó wú yẹn, òun ló fi ń wádìí ojú irin lẹ́yìn tó bá ti fi pépà ha á tán. Ó máa ń pa ojú dé, á fi í rìn lórí irin, ibi tí kò bá jọ̀lọ̀ kò lè fara pamọ́ fún un. Ní báyìí, bí aṣọ ìbora bá fi ara kan án, ṣe ló máa ń jẹ eyín.

"Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò sì jáde kí ẹ sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ? Ẹnu wọn ni."

Aránṣọ kà á sí ìfarabalẹ̀. Ó máa ń fi sùúrù ọkùnrin náà yangàn láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó bu tíì mìíràn fún un, ó sì rán an létí pé òní ni wọ́n ní kí àwọn padà wá gbọ́ ohun tí wọ́n rí nínú ẹran tí wọ́n gé lára ìka náà lọ́jọ́sí.

"Oówo ni," Pẹ́ńtà wí. "Mọ́tò oníbàárà ń dúró dè mí."

"Oówo wo ni wọ́n là tí kò sun ọyún? Ẹ wọ bàtà yín."

Ibi tó ti ń bá a fa ọwọ́ ẹ̀wù ni ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńtà obìnrin bá wọn. Èédú ló ń tà. Ìyá Eléèdú ni wọ́n ń pè é, kò sì sígbà tí apá aṣọ rẹ̀ kan kì í dúdú. Ó kó ìrẹsì sínú abọ́ onídèérí wá fún àbúrò rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó wo báńdéèjì, ó sì kọjú sí Aránṣọ.

"Ìwọ ni wàá fà á lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè gé e. Pẹ́ńtà tí kò ní àtàǹpàkò, kí ló fẹ́ fi jẹun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó ní wọ́n á gé nǹkan kan."

"Ò ń ránṣọ fún gbogbo ayé, o ò rójú wo ọwọ́ ọkọ ẹ títí ó fi dà báyìí."

Aránṣọ so okùn bàtà ọkọ rẹ̀. Àgbà ọkọ ni Ìyá Eléèdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dà bí eruku èédú tó ń tà, bí o bá ń gbọ̀n ọ́n nù, ṣe lò ń fi í kun ara. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Nígbà tí wọ́n kọjá lágbàálá, ẹnìkan ti da oògùn apakòkòrò sí balùwẹ̀. Òórùn rẹ̀ gbalẹ̀ kan. Pẹ́ńtà kò wo ibẹ̀.

Ilé ìwòsàn kún. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn aláìsàn ń sún díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀ bí ìlà ṣe ń lọ. Pẹ́ńtà kò lè jókòó pẹ́. Á dìde, á lọ sí ilé ìtọ̀, á pẹ́ níbẹ̀, á padà, kò sì ní í pẹ́ tí á tún dìde. Ìyá Eléèdú ní omi tó mu kò tó èyí tó ń tọ̀. Aránṣọ ní àyà ló ń já a. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àyà ń já a lóòótọ́.

Dókítà tó pè wọ́n wọlé jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó kí wọn, ó fún àwọn àgbà ní àga, òun alára dúró ná. Nígbà tó jókòó, kò mẹ́nu ba ìka.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń bá ìtọ̀ yín jáde?"

"Rárá o," Pẹ́ńtà dáhùn kíá.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ìbéèrè yìí náà ni wọ́n ń bi àwọn nílé láàárọ̀. Dókítà kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó mú ife rọ́bà kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀, ó ní kí bàbá bá òun tọ̀ díẹ̀ sí i. Pẹ́ńtà ní ìtọ̀ kò gbọ̀n òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní irọ́ ni, àárọ̀ kùtù ló ti ń sáré kiri. Pẹ́ńtà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú tó fi wò ó kò yé Aránṣọ lásìkò yẹn. Ó gba ife, ó jáde.

Ó padà wọlé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ife náà bíi ẹni tó mú ẹyẹ lọ́wọ́. Dókítà na ọwọ́, ó gbà á, ó gbé e sórí tábìlì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran.

Aránṣọ wò ó. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ láàárọ̀ lójú gbogbo ilé, tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, padà wá sí i létí. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

"Ó ti pẹ́, Bàbá?"

"Ó ń wá, ó ń lọ." Ilẹ̀ ni Pẹ́ńtà ń bá sọ̀rọ̀. "Kò dùn mí rí. Ká ní ó dùn mí ni. Yóò wá, yóò pupa báyìí, yóò sì lọ tí n ó gbàgbé rẹ̀. Mo lọ sí ilé ìtajà oògùn, wọ́n ní àtọ̀sí ni, wọ́n fún mi ní kóró oògùn. Ó dáwọ́ dúró. Nígbà tó padà, mo tún ra kóró náà. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ìyàwó yín?"

"Kí n sọ fún un pé kí ló ń ṣe mí?"

Dókítà fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn. Ó rọra sọ ọ́, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ẹran tí wọ́n gé lára àtàǹpàkò kì í ṣe oówo, kì í sì í ṣe àtàǹpàkò ló ti bẹ̀rẹ̀. Àlejò ni níbẹ̀. Inú àpò ìtọ̀ ló ti wá. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti jáde nílé rẹ̀, ó ti bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ó sì ti ń jẹ egungun ìka. Ó ní bí irú rẹ̀ bá máa rìn, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń wá lọ, tàbí ẹ̀dọ̀, tàbí egungun ẹ̀yìn. Kó lọ sí ìka ọwọ́ ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwé lòun ti kà á, òun kò fojú rí i rí títí di ti Bàbá. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ rí ìka náà ń tọ́jú rẹ̀ bí oówo.

"Báwo ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn ṣe máa dé ọwọ́?" Ìyá Eléèdú bèèrè. Ìbínú wà lóhùn rẹ̀, bíi pé ẹnìkan fẹ́ fi òṣùwọ̀n rẹ́ ẹ jẹ.

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ikùn náà ló ń dé ọwọ́, Màmá."

"Ṣé ẹ máa gé ìka náà ni?"

"A lè gé e tí ìrora bá pọ̀ jù. Iná ìwòsàn kan wà tí a tún lè tàn sí i. Oògùn náà wà tí a máa fà sí i lára. Àmọ́ tí a bá tiẹ̀ gé ìka, èyí tó wà nínú ṣì wà nínú."

"Bí iná ò bá tán láṣọ," Ìyá Eléèdú kùn, kò sì parí òwe náà. Gbogbo wọn mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Pẹ́ńtà gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ká ní mo tètè wá ńkọ́? Nígbà tó ṣì jẹ́ ìtọ̀ nìkan."

Dókítà yí bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ po. "Ká ní ẹ tètè wá, Bàbá, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Wọ́n wọ ọkọ̀ padà. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí, Pẹ́ńtà wà láàárín, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kó má baà kan ẹnikẹ́ni, bí ọmọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè olùkọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ta gìrì, á mí sínú.

Ìyá Eléèdú ló dá ìjà sílẹ̀. "Ò ń sùn tì í. Obìnrin tó ń sùn ti ọkùnrin, kó má mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀."

"Ó fi pamọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣòkòtò rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

"Òun ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọ̀dà ò ní jẹ́ kí aṣọ ìyókù gbádùn."

"Ìwọ náà sì gbà á gbọ́."

"Èmi kọ́ ló rán an lọ sọ́dọ̀ olóògùn." Aránṣọ kò gbé ohùn sókè, bí kì í bá ṣe pé ọkọ̀ náà dákẹ́, wọn kì bá gbọ́. Kò mọ nǹkan kan nígbà tó ń sọ ọ́, ìbínú ló kàn tì í. Ṣùgbọ́n ó rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yí padà, ó sì rántí bí Pẹ́ńtà ṣe wò ó ní iyàrá dókítà.

"Ẹ̀yin ni," Aránṣọ wí. "Ẹ mọ̀."

Ìyá Eléèdú ń wo ojú fèrèsé. Pẹ́ńtà ló dáhùn dípò rẹ̀.

"Mo sọ fún un nígbà àkọ́kọ́. Ó ní irú àrùn bẹ́ẹ̀, etí kì í gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé ẹni. Ó ní kí n má sọ fún ọ kí o má baà kó ẹrù lọ, pé ọ̀dọ̀ olóògùn ni kí n lọ. Kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó tó."

"Orúkọ àbúrò mi ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀," Ìyá Eléèdú wí, bíi ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìbùdókọ̀ rẹ̀ ṣì jìnnà nígbà tó sọ fún awakọ̀ pé òun fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Ó dúró létí títì, ó ń fi apá aṣọ nu ojú, èédú tó wà lára aṣọ náà sì ń bá omijé dàpọ̀. Aránṣọ rí i láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Ó fẹ́ kórìíra rẹ̀ dáadáa, kò ráyè.

Nígbà tí wọ́n délé, Pẹ́ńtà dùbúlẹ̀. Ó ní ìrẹsì ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀, kí ìyàwó òun jẹun. Aránṣọ jókòó sórí àpótí lẹ́bàá rẹ̀.

"Níbo ni àwọn ṣòkòtò náà wà?"

"Fi wọ́n sílẹ̀."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Inú àpò aṣọ iṣẹ́, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fà á jáde. Òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà jáde lára wọn. Ó ti fi òórùn yẹn mọ ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò sì fura rí pé ó ń fi í fọ nǹkan mìíràn. Ó ń fi ọwọ́ òsì fọ wọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ọ̀nà tó fi fọ̀ wọ́n kò mọ́. Gbogbo wọn ló ní àmì tó ti dúdú.

"Ẹ bá máa sọ fún mi," ó ní.

"O máa gbà pé mi ò lọ síbì kan?"

Aránṣọ ṣí ẹnu. Ó rò ó. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, nítorí kò fẹ́ pa irọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Pẹ́ńtà fi ọwọ́ òsì kan orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó yí ojú sí ògiri.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn obìnrin ti wà lágbàálá, wọ́n ń dáná, wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó epo àti ti ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Bí ènìyàn bá ní nǹkan ìtìjú láti fọ̀, ẹ̀yìn ilé ló yẹ kó gbé e lọ. Aránṣọ gbé ọpọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ omi láàárín gbogbo wọn, ó kó àwọn ṣòkòtò sí i, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Omi náà pupa, ó dà á nù, ó pọn òmíràn. Ọ̀rọ̀ owó epo dúró.

Bàbá Onílé wá síbẹ̀. "Aránṣọ, kí lèyí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ni, Bàbá. Kì í ṣe àtọ̀sí. Jẹjẹrẹ ni. Inú àpò ìtọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé àtàǹpàkò. Èyí tí ẹ rí lára ògiri láàárọ̀, tiwa ni, n ó wá fọ ibẹ̀."

Bàbá Onílé dúró. Ó fẹ́ bèèrè bóyá ó ń ranni, ó ti la ẹnu, ó tún pa á dé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kó má fọ ibẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó ní kí Pẹ́ńtà máa wọ ibi tó bá wù ú. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin kan ní "ẹ pẹ̀lẹ́," ohùn wọn rẹlẹ̀. Ẹlòmíràn rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ọpọ́n. Kò tọrọ ààyè. Ó mú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, Aránṣọ wà ní ìdí kejì, wọ́n jọ fún un títí omi fi tán lára rẹ̀. Ìbínú àárọ̀ ṣì wà níkùn Aránṣọ, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa gún obìnrin náà dáadáa. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò jẹ́ kó rí i.

"Mi ò mọ̀ bóyá tiyín ni mo rí lára ògiri," ó ní, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí.

Aránṣọ wò ó.

"Ìtọ̀ Bíríkìlà, ọkọ mi, náà ń pupa. Mo rí i nínú pó tó ń lò lóru. Mo bi í, ó ní oòrùn ibi iṣẹ́ ni. Bí mo ṣe rí ògiri láàárọ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí mi ò bá tètè pariwo, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà tiwa."

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Aránṣọ lè sọ ọ́. Kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi bó bá sọ ọ́. Ó na ṣòkòtò sórí okùn, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gún kó má baà hunjọ.

"Ṣé ó ń dùn ún?"

"Ó ní kò dùn òun rárá."

"Ẹ mú un lọ lọ́la. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀la."

"Kò ní í gbà. Ó ní ẹni tó bá mẹ́nu bà á, òun á lé e jáde. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un tó máa gbọ́?"

Aránṣọ nu ọwọ́ mọ́ra aṣọ rẹ̀, ó ní kó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó yà kí Pẹ́ńtà nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, pé ara rẹ̀ kò yá. Ìyẹn nìkan. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ sọ ohun tó gbọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Bíríkìlà dé kí ilẹ̀ tó ṣú tán, sìmẹ́ńtì ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó kí Aránṣọ, ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ara kò yá, ó wo báńdéèjì náà, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ sì tán. Aránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ mú aṣọ iléèwé tó kù, kò sì rán nǹkan kan. Ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún, ọkọ rẹ̀ ń gbìyànjú láti jókòó.

"Jókòó dáadáa," ni Pẹ́ńtà wí níkẹyìn. "Nígbà tí tèmi kọ́kọ́ wá, kò dùn mí."